Ẹran Tí A Kọ̀ ní Odò Ẹran

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú)



Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ẹran tí aṣàyẹ̀wò kọ̀ ní odò ẹran, tí ó ní kí a sun ún tàbí kí a rì í mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkà ni ó ń ṣe, tàbí pé ó fẹ́ gba nǹkan. Mo ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ń wò.

Kí a tó pa màlúù, ó yẹ kí a wò ó láàyè: bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń mí, bóyá ó ń wúkọ́ tàbí ó rù. Lẹ́yìn tí a bá pa á, a óò la àwọn kókó ọrùn àti ti fùkù. Bí ikọ́ ife bá wà níbẹ̀, inú kókó náà yóò pọ́n rúsúrúsú bí wàrà tí ó dì. Nígbà mìíràn ọ̀bẹ yóò máa dún bí ẹni pé ó ń gé yanrìn. Bí ó bá wà lójú kan, a óò gé ibẹ̀ sọnù. Bí ó bá ti tàn ká ara, gbogbo ẹran náà ni a óò kọ̀. A óò la ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, ahọ́n àti ọkàn, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ aràn ń fara pamọ́ sí. A óò la ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú, kí a lè rí kòkòrò pẹlẹbẹ bí ewé tí màlúù ń kó nínú koríko etí omi.

Àwọn kan ń wí pé iná ń pa kòkòrò. Òtítọ́ ni, bí ẹran bá jinná dáadáa. Ṣùgbọ́n alápatà àti àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ kan án ní tútù. Sùyà ha ń jinná dé inú nígbà gbogbo bí? Àrùn kan sì wà, ańtíráàsì, tí ẹyin kòkòrò rẹ̀ lè la omi híhó já, tí ó sì ń pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Màlúù tí ó kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì ń jáde ní imú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án rárá. Ní oṣù Keje ọdún 2023, a rí àrùn náà nínú ẹran ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Niger.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gba ti alápatà rò. Ó ra màlúù, bóyá láwìn. Ó rí ara rẹ̀, kò rí inú rẹ̀. Nígbà tí a bá bá àrùn níbẹ̀, ẹni tí ó tà á ti gba owó lọ, alápatà nìkan ni ó jẹ gbèsè. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, n kò rí ẹni tí ó san án padà fún un rí. Mo ti rí àgbàlagbà tí ó jókòó ti irú ẹran bẹ́ẹ̀, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn kan fi ń pa ẹran lóru ní ẹ̀yìnkùlé, tí àwọn mìíràn sì ń yọ ọ̀bẹ sí aṣàyẹ̀wò.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ yìí ní ohun mẹ́ta. Èkínní, kí a dá àpò kan sílẹ̀ tí alápatà yóò máa san owó díẹ̀ sí lórí màlúù kọ̀ọ̀kan, kí ẹgbẹ́ sì fi kún un. Ẹni tí a bá kọ ẹran rẹ̀, tí ó sì mú ìwé aṣàyẹ̀wò wá, ni a óò ràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó pa ẹran ní ìkọ̀kọ̀ kò ní ìpín níbẹ̀. Èkejì, kí a fa omi àti iná dé odò ẹran, nítorí a kò lè rí àrùn nínú òkùnkùn. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin ìyá wa máa bèèrè òǹtẹ̀ kí ẹ tó ra ẹran.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí gbogbo wa bá gbé díẹ̀ nínú gbèsè náà, alápatà kò ní fi ẹran tí ó ní àrùn pamọ́ fún wa jẹ.