Ẹ Jẹ́ Kí Ìgbín Yé Kí A Tó Sè É



Nígbà kan rí, bí òjò bá rọ̀ lálẹ́, àwọn ọmọ a tan fìtílà, wọn a sì ṣa ìgbín kún agbọ̀n lábẹ́ igi kòkó. Igbó tí à ń sun àti oògùn tí à ń fọ́n sí kòkó ti dín wọn kù. Àwọn tí ó kù ńkọ́? A kì í jẹ́ kí wọ́n yé kí a tó sè wọ́n.

Ẹ wá àpótí, kí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ bu ilẹ̀ dúdú sí i, kí ẹ fi àwọ̀n bò ó. Ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ agolo omi nítorí èèrà. Ewé ìbẹ́pẹ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn oní-dòdò ń dànù tó fún wọn ní oúnjẹ. Èèpo ẹyin adìẹ tí a lọ̀ yóò mú ìkarahun wọn le. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ kàn wọ́n.

Ìgbín kọ̀ọ̀kan ni akọ àti abo pọ̀, nítorí náà gbogbo wọn ni ó lè yé. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Ẹ má ṣe máa hú ẹyin náà wò. Ẹ máa wọ́n omi díẹ̀ sí i ní ìrọ̀lẹ́: bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹyin a kú, bí omi bá dúró, ẹyin a rà. Ní nǹkan bí oṣù kan, àwọn ọmọ yóò jáde.

Ẹni tí ó se ìyá kí ó tó yé, àtọmọ àtìyá ni ó sè. Ẹ ní sùúrù. Ó dìgbóṣe.