Ohun Tó Ń Pa Ojú Ọ̀run Láró

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó tẹ̀dó sí Òkè Ọya, àwa ará yín tí a ń ṣòwò ní Port Harcourt kí yín o. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó wá kí wa ló ti bèèrè ohun tó ṣe ojú ọ̀run ìlú wa. Ìdáhùn tí a ní nìyí.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dà bí ẹni pé ó funfun, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa fọ́n àwọ̀ aró ká ju pupa lọ; ìdí nìyẹn tí ọ̀run fi rí bí aró lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ti rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó kàn wá, aró ti fọ́n dànù, pupa ló kù.

Ẹ̀yin lẹ mọ ọyẹ́ jù wá lọ. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń ti Bodélé wá, ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Ẹyọ eruku tóbi, kì í ṣa àwọ̀ kan yàn, gbogbo wọn ló ń fọ́n ká. Ọ̀run a wá funfun bí omi ẹ̀kọ.

Bí ẹyọ náà bá kéré tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó tún di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ìpẹ̀kun ayé, níbi tí yìnyín bo ilẹ̀, ìkùukùu kan máa ń hàn nígbà òtútù, ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 25 lókè. Oòrùn ti wọ̀ fún ará ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń tàn sí i lára, àwọ̀ a sì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí epo mọ́tò lójú omi òjò. Ó dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n lára rẹ̀ ni gáàsì inú fìríìjì àtijọ́ ti ń di ohun tó ń jẹ òsóònù tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn.

Tiwa kò tilẹ̀ dùn ún wò. Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín kan, dúdú bí ìdí ìkòkò, ti ń bà sórí fèrèsé wa, sórí aṣọ tí a sá, àti sínú imú àwọn ọmọ. Àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì nínú igbó láìgbàṣẹ ni a dá lẹ́bi jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Gómìnà Nyesom Wike pàṣẹ pé kí a palẹ̀ wọn mọ́. Èéfín yìí kì í fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká bí eruku yín. Ó ń gbé púpọ̀ rẹ̀ mì ni, ojú ọjọ́ a sì ṣú. Ẹni tó bá ń ta léèsì funfun kò nílò olùkọ́ kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rán ọmọ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, bí mímí bá máa ń nira fún ọmọ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé bi wá léèrè bí ojú ọ̀run ti rí.