Orógbó, Àrùn àti Ìròyìn Orí Fóònù
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

 

Akọ̀wé wa ni ó kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe nípa ìṣègùn, nípa ìwà àwọn ènìyàn lórí ẹ̀rọ ayélujára, àti nípa ìtọ́jú igbó. Nígbà tí mo ka ìwé náà tán, ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí pé ọ̀nà mẹ́ta ni èyí, ẹsẹ̀ méjì péré ni mo sì ní. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó tí mo ń ronú, ojú mi bọ́ sí àwo orógbó tí ó wà lórí tábìlì ní ilé mi, mo sì rí i pé orógbó nìkan ti tó láti mú wa gba ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá.

Kò sí ẹni tí ó jókòó níhìn-ín tí kò mọ orógbó. Òun ni a fi ń wúre fún ọmọ tuntun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí ó lè gbó, kí ó sì tọ́. Òun ni Ṣàngó ń gbà ní ipò obì. Òun sì ni àgbàlagbà ń rún lẹ́nu bí ikọ́ bá ń dà á láàmú. Ní ọdún 1999, níbi àpéjọ àgbáyé ti àwọn onímọ̀ ewéko ní ìlú St. Louis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì tí ó wà ní Nsukka, jábọ̀ pé èròjà kan tí a yọ láti inú orógbó dá kòkòrò àrùn Ẹ̀bólà dúró tí kò fi lè pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí ibi tí ó ti dá a dúró: nínú ìgò ni, ní yàrá ìdánwò, kì í ṣe nínú ara ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó lè pa kòkòrò nínú ìgò. Ọtí líle pàápàá lè pa á, ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó bá mu ún yó kò tíì rí ìwòsàn.

Ọdún 15 kọjá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn yìí láti Làìbéríà wọ Èkó. Ẹ rántí bí gbogbo wa ti rí nígbà náà, tí ọ̀rẹ́ kò bọ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Kí ó tó dópin, ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wà lára àwọn tí ó kú, òun tí kò gbà kí aláìsàn àkọ́kọ́ náà jáde ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n ti ń fòòró ẹ̀mí rẹ̀ tó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ènìyàn 894 tí ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn rí, wọ́n sì ń lọ wò wọ́n nílé lójoojúmọ́, títí iye àbẹ̀wò náà fi tó nǹkan bí 18,500. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, iṣẹ́ sùúrù sì ni.

Ṣùgbọ́n bí àwọn wọ̀nyí ti ń ti ojúlé dé ojúlé, iṣẹ́ mìíràn ń lọ lórí fóònù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ìròyìn tàn ká ní òru pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán ènìyàn méjì ni ó kú nípa omi iyọ̀ mímu yìí ní Nàìjíríà. Kì í ṣe Ẹ̀bólà ni ó pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ ni ó pa wọ́n.

Lẹ́yìn iyọ̀ ni ó kan orógbó. Ẹni tí ó fi ìròyìn tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kì í ṣe púrúǹtù. Olùkọ́ ni, ó gba oyè Yunifásítì. Ìròyìn náà ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé orógbó ń wo Ẹ̀bólà. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ níwájú Kábíyèsí, ṣùgbọ́n èmi náà fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kí n tó rò ó wò. Orí mi wú pé tiwa ni ó dára jù lọ, ìwúrí náà kò sì jẹ́ kí n béèrè ohunkóhun.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti gbé irú ìwà yìí yẹ̀ wò. Oyeyemi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, BMJ, ní ọdún 2014 kan náà. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ 564 jọ tí a kọ nípa Ẹ̀bólà sórí Twitter láti Gíníì, Làìbéríà àti Nàìjíríà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù Kẹsàn-án. Ó ju ìdajì wọn lọ tí kò tọ̀nà. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé iye ènìyàn tí irọ́ náà lè dé ọ̀dọ̀ wọn ju mílíọ̀nù 15 lọ, nígbà tí òtítọ́ kò tó mílíọ̀nù 6. Àwọn kan nínú wa a máa rò pé eré ọmọdé ni kí ọ̀mọ̀wé jókòó máa ka ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ sórí fóònù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní tèmi, ìròyìn orógbó léwu ju ti iyọ̀ lọ, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Èèkàn mẹ́ta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi de ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀: inú ìgò ni, èròjà tí a yọ ni, kì í ṣe orógbó jíjẹ, a kò sì tíì dán an wò lára ènìyàn. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèkàn náà ń tú, ohun tí ó kù kò ju orúkọ igi àti orúkọ àrùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ tí èèkàn rẹ̀ kò tú ti ń rìn. Ọkùnrin kan yè bọ́ nínú Ẹ̀bólà ní Kikwit, ní ilẹ̀ Kóńgò, ní ọdún 1995. Láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Muyembe àti àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe oògùn kan. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn ní Kóńgò ní ọdún 2018 àti 2019, a sì fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020. Ọdún 25 gbáko! Títí di òní, kò sí oògùn Ẹ̀bólà kankan tí a fọwọ́ sí tí ó ti inú orógbó wá. Bóyá agbára wà níbẹ̀, bóyá kò sí. Ẹni tí yóò náwó dé ìdí ọ̀rọ̀ náà ni a kò rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ọlọ́lá ìlú yìí mọ owó í ná síbi òkú.

Igi náà ńkọ́? Àjọ IUCN, tí ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu sílẹ̀, ti ka orógbó mọ́ wọn. A ń bó èèpo rẹ̀ sínú ẹmu, a ń hú gbòǹgbò rẹ̀ fi rin ẹnu, a sì ń ṣá igbó tí ó ń gbé. Kóró rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ kí ó tó hù. Bí ó bá sì hù, ó lè tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó so. Ìròyìn òru ọjọ́ kan lè sọ orógbó di ọ̀wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n igi kò ní fóònù tí a fi lè sọ fún un pé kí ó yára. Àwọn olùwádìí rí i pé bí a bá bó èèpo ara kóró náà, tí a sì rẹ ẹ́ sómi kí a tó gbìn ín, ó máa ń yára hù. Oko kòkó àti ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ èyí tí ó ṣẹ́kù wà, nítorí pé àwọn baba wa dá a sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko. Nítorí náà ìtọ́jú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ìjọba nìkan. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ni ilẹ̀, ọwọ́ yín ni ó wà.

Kábíyèsí, mo kó kóró orógbó 40 wá. Mo ti bó wọn, mo sì ti rẹ wọ́n sómi fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan jọ̀wọ́ mú méjì-méjì lọ sí oko rẹ̀, ẹ má sì ṣe jẹ wọ́n lójú ọ̀nà. Mo ṣetán fún ìbéèrè yín.