Ara Rẹ Ò Yá, Ọjọ́ Ẹjọ́ Sì Ti Dé

Ká ní lánlọ́ọ̀dù pè ẹ́ lẹ́jọ́, o wá wà ní ọsibítù lọ́jọ́ tí ẹjọ́ pé. Má dákẹ́ o! Tí adájọ́ ò bá gbúròó rẹ, ó lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ.

Ní 2018, ṣe ni wọ́n gbé Olisa Metuh wọ kọ́ọ̀tù l'Ábújá lórí ibùsùn aláìsàn. Ẹjọ́ ọ̀daràn nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tìẹ yàtọ̀: lọ́yà lè dúró fún ẹ. Ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ jẹ́rìí gan-an ni àìsàn máa ń dá nǹkan dúró.

Kí lọ́yà rẹ tètè kọ̀wé béèrè ọjọ́ mìíràn, kó fi ìwé ìbúra àti ìwé dókítà tì í. Kí dókítà sọ ìdí tí o ò fi lè wá, àti ìgbà tí o máa lè wá. "Ara rẹ̀ ò yá" nìkan ò tó. Ọwọ́ adájọ́ ló wà. Abala 36 òfin 1999 ní kí ẹjọ́ má pẹ́ jù, ẹ̀tọ́ ẹni kejì náà sì nìyẹn.

Kò sówó lọ́yà? OPD ìjọba Èkó máa ń gbẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lọ sí kọ́ọ̀tù.