Àdògán Eléèédú Nínú Ilé



Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fẹ́ràn iná èédú ju iná igi lọ, nítorí pé kò ní èéfín. Níbẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Èéfín igi a máa ta ni lójú, a sì máa mú ni húkọ́ títí a ó fi sá jáde. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró tí èédú ń tú jáde, èyí tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónókísáídì, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ tí ó dára lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. (Àwa olùkọ́ mọ bí ó ti ṣòro tó láti mú ènìyàn gba ohun tí kò fojú rí gbọ́.)

Nígbà ọyẹ́, ìyá ọlọ́mọ tuntun a gbé àdògán wọ yàrá, a sì ti fèrèsé pa, kí òtútù má baà mú ọmọ. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, aṣọ ni kí a fi kún aṣọ ọmọ. Kí àdògán wà ní gbangba ìta.

Eérú pẹ̀lú a máa tanni jẹ: ẹyin iná lè wà lábẹ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Garawa onírin tí ó ní ìdérí ni kí a kó o sí.

Bí orí bá sì ń fọ́ ará ilé méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí iná èédú wà, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ kó gbogbo wọn jáde sí ìta, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.