Ẹ̀rí Tí Ẹnu Ń Jẹ́, Ẹ̀rí Tí Ọwọ́ Ń Jẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ìdúpẹ́ ọdún kẹwàá)

 

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa ti ṣeré dé ọdún mẹ́wàá. A ti jọ wọ aṣọ kan náà lọ sí Ojúde Ọba, a ti jọ sin òbí ara wa, a ti jọ sọ ọmọ lórúkọ. A ti jọ bínú síra wa, a sì tún jọ parí rẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é. Òun ló yẹ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí onígbàgbọ́ ṣe lè gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ jáde láìbẹ̀rù àti láìṣẹ̀tàn, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá pásítọ̀. Àwọn pásítọ̀ kúkú wà láàárín wa. Alága ní, "Báńkà, ìwọ ni a fẹ́, o sì mọ ìdí rẹ̀." Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ̀yin náà máa mọ̀ ọ́n kí n tó jókòó.

Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe alukoro ẹgbẹ́ yìí. Iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé: ohun tí ìpàdé bá pinnu ni kí n kéde. N kò gbọdọ̀ fi kún un, n kò sì gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Bí ìpàdé bá jẹ́ aago mẹ́rin tí mo kéde aago márùn-ún, mo ti da ẹgbẹ́ rú. Bí mo bá sì dákẹ́ nítorí pé ojú ń tì mí, kò sí ẹni tí yóò wá. Ẹni tó bá gba Jésù gbọ́ náà, alukoro ni. Ohun méjì ló lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́: kí ó dákẹ́, tàbí kí ó purọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, a máa ń bá àwọn tó dákẹ́ wí gan-an. Àwọn tó ń purọ́ ni a kì í sábà bá wí, pàápàá bí ohùn wọn bá ròkè.

Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò díẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú kò tètè ṣí ilẹ̀kùn fún ìhìnrere. Àwọn bàbá wa kò fẹ́ kí òyìnbó gba ilẹ̀ wọn kọjá, títí ogun Ìmàgbọ́n fi dé ní 1892. Lẹ́yìn ogun náà ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé wọlé gìrìgìrì. Nítorí náà, ìró ìbọn wà nínú ìtàn bí ìhìnrere ṣe wọ ìlú wa, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn lè ṣí ojú ọ̀nà, kò lè ṣí ọkàn ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí mo fẹ́ràn láti máa rántí ni Samuel Àjàyí Crowther. Ẹ mọ ìtàn rẹ̀: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Ní 1843 ó di àlùfáà. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùnlélógún. Ẹ rò ó wò. Ọmọ ti di àlùfáà, ìyá kò tíì mọ Kristi. Ṣùgbọ́n ó di 1848 kí ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Nǹkan bí ọdún méjì ló wà láàárín. Ìyá tó bá ń wo ọmọ rẹ̀ fún ọdún méjì yóò rí i nígbà tí ebi ń pa á, yóò rí i nígbà tí inú ń bí i, yóò rí bí ó ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwàásù tí kò ní aago nìyẹn. Ọkùnrin yìí kan náà ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ló sì ṣe iṣẹ́ ńlá lórí Bíbélì tí à ń kà ní èdè wa. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé. Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi.

Ní ọdún kẹta tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, èmi ni igbá-kejì akọ̀wé. Ọ̀pọ̀ yín rántí pé ìgbà náà ni a fẹ́ ṣe káàdì ìdánimọ̀. Ẹ kó fọ́tò yín, ọjọ́ ìbí yín àti nọ́ńbà fóònù yín fún mi. Ìgbà náà kan náà ni mo ń gbóná nínú ìgbàgbọ́. Èmi ni mò ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, àdúrà mi sì máa ń gùn. Ìwé ìhìnrere kì í tán nínú àpò mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á nínú yín, n óò fi sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ní báńkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, wọ́n fún oníkálukú wa ní iye àkáǹtì tuntun tí a gbọ́dọ̀ ṣí kí oṣù mẹ́ta tó parí. Tágẹ́ẹ̀tì ni à ń pè é. Ẹni tí kò bá bá a, orúkọ rẹ̀ yóò wà lára ògiri. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, tèmi kò tíì pé. Mo wo fáìlì ẹgbẹ́ tó wà nínú àpò mi. Àkáǹtì kékeré, tí kì í bèèrè ìwé púpọ̀, ni mo fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ́kànlá ṣí láìbi wọ́n. Fún mẹ́wàá nínú wọn, nọ́ńbà fóònù mìíràn ni mo kọ síbẹ̀. Fún ẹnì kan, mo gbàgbé, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ gan-an.

Báńkì fi ìkíni ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ pé ó kú oríire, ó ti di oníbàárà wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wá sílé mi. Mùsùlùmí ni. Èmi ni mo máa ń fi ìwé ìhìnrere sínú ọkọ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ó na fóònù sí mi, ó ní, "Báńkà, ìwọ tí o ń pè mí wá sọ́dọ̀ Jésù, ṣé Jésù ló ní kí o fi orúkọ mi ṣí àkáǹtì?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo ní àṣìṣe ni, pé n óò ti í lọ́la. Irọ́ kejì nìyẹn. Ó mi orí, ó lọ.

N kò sùn lóru yẹn. Kò sí owó ẹnikẹ́ni tó sọnù. Gbogbo wa la ń ṣe é ní ẹ̀ka wa, mo sì mọ̀ pé ẹni kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa ti tèmi. Mẹ́wàá yòókù kò ní mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo rántí Sákéù, ọ̀gá agbowó-orí. Nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀, kò kọrin, kò sì jó. Owó àwọn ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èmi ti ń kọrin láti ọjọ́ yìí, n kò tíì kà.

Ìyàwó mi ní, "Lọ sọ fún wọn, kí a tó rí ohun tí yóò tẹ̀lé e." Mo kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá mi ní báńkì. Wọ́n ti àkáǹtì mọ́kànlá náà, wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n sì dá ìgbéga mi dúró fún ọdún méjì. Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀lé e, mo dìde, mo ka orúkọ mọ́kànlá jáde, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ bá mi wí, ó sì tọ́ sí mi. Ẹ gba fáìlì lọ́wọ́ mi. Ẹ kò lé mi. Àwọn tó wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ló lè máa gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lónìí.

Láti ọjọ́ náà, mo dákẹ́. N kò gbàdúrà ní ìpàdé mọ́, n kò pín ìwé mọ́. Mo ní ẹnu wo ni n óò fi sọ̀rọ̀ Jésù fún àwọn tí mo ti dójú tì í níwájú wọn? Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ìtìjú lásán ni.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, a ń ti ibi òkú kan bọ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí, nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó bi mí pé, "Báńkà, èmi nìkan ni mo mọ̀. Kí ló mú kí o dárúkọ àwọn mẹ́wàá yòókù?" Mo sọ fún un pé mo bẹ̀rù gan-an, pé kì í ṣe ìgboyà. Mo ní ẹni tí mò ń pè ní Olúwa mi mọ gbogbo mọ́kànlá, ó sì ti kú fún mi pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ń fi mẹ́wàá pamọ́ fún un, irọ́ ni mò ń pè é ní Olúwa. Ó wa ọkọ̀ lọ díẹ̀. Ó ní, "Mùsùlùmí ni mí, Mùsùlùmí ni n óò sì kú. Ṣùgbọ́n èyí tí o sọ yìí, mo gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin ará, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wàásù nínú ayé mi nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì di onígbàgbọ́ títí di òní. Ó jókòó síbí, òun ló sì fún mi láyè láti sọ ọ́. Mo ṣì ń gbàdúrà kí ó mọ Jésù, ó sì mọ̀ pé mò ń gbà á. N kò fi bò fún un.

Kí ni mo wá fẹ́ kí a mú lọ sílé? Ohun mẹ́ta péré.

Èkíní, ibi iṣẹ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò, kí òṣùwọ̀n rẹ pé. Kọńtírákítọ̀, kí sìmẹ́ńtì tí o gba owó rẹ̀ wà nínú ilé tí o kọ́. Ẹni tó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́, kí rìsíìtì wà. Àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ Jésù fún ti ka ìwé wa kí a tó la ẹnu.

Èkejì, ká má ṣe dákẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé ìwà wọn ni ìwàásù wọn, ó tó. Kò tó. Bí ọ̀rẹ́ mi kò bá gbọ́ orúkọ Jésù lẹ́nu mi, yóò kàn rò pé ọmọ dáadáa ni mí, èmi ẹni tó jí orúkọ rẹ̀ lò. Ìwà ń ṣí etí. Ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Àti pé ẹni tó ti ṣubú náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, bí ó bá sọ bí ó ṣe ṣubú mọ́ ọn. Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan, òun náà ló dìde wàásù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì.

Ẹ̀kẹta, ká má ṣe jẹ́rìí ju ohun tí a rí lọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa ṣàìsàn, a gbààwẹ̀, a sì gbàdúrà. Àwọn kan nínú wa sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ pé Ọlọ́run ti sọ fún wọn pé kò ní kú. Mo wà níbẹ̀, mo ṣe àmín. Ó kú. Ọmọ rẹ̀ wá bi mí lẹ́yìn ìsìnkú pé ta ló purọ́, ṣé Ọlọ́run ni àbí àwa? Mo sọ fún un pé àwa ni. A fẹ́ràn bàbá rẹ̀, a sì fi ìfẹ́ wa pe ohùn Ọlọ́run. Ọkùnrin tí Jésù la ojú rẹ̀ nínú ìwé Jòhánù, wọ́n fi ìbéèrè há a mọ́gun. Èyí tí kò mọ̀, ó ní òun kò mọ̀. Èyí tó mọ̀, ó dì í mú: afọ́jú ni òun tẹ́lẹ̀, òun ti ń ríran. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò ṣeé já nírọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ kì í ṣe onígbàgbọ́, ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Bí ẹ bá rí wa tí ìwà wa kò bá ọ̀rọ̀ wa mu, ẹ na fóònù sí wa bí ọ̀rẹ́ mi ti ṣe. Ojú rere ni ẹ fi hàn wá.

Ẹgbẹ́ wa yóò gòkè àgbà. A ò ní fi ọ̀kan gba ọ̀kan. Ọdún mẹ́wàá mìíràn yóò bá wa láyé, pẹ̀lú ẹnu tí kò dákẹ́ àti ọwọ́ tó mọ́. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.