Kí A Tó Yan Ọpọlọ Ẹ̀rọ
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka àtúnṣe ẹ̀rọ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù wa)



Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa bi mí ní ìbéèrè kan. Wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ kékeré méjì: ọ̀kan tí yóò máa fọn fèrè bí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì bá gbóná jù, èkejì tí yóò máa ka iye ẹrù tó gba orí bẹ́líìtì kọjá. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọpọlọ ẹ̀rọ wo ni ká rà?” Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ló fi ìyókù kún un. Ohun tí ojú mi ti rí ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tí òyìnbó ń pè ní microcontroller, ṣíìpù kékeré kan ni. Ọpọlọ wà nínú rẹ̀, ibi ìrántí wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń gba ìròyìn wọlé, tó fi ń pàṣẹ fún mọ́tò àti iná. Ẹbí ẹbí ni wọ́n. Ẹni tó mọ ìwà ẹbí kan yóò tún jókòó kọ́ ti òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ mẹ́rin. Nínú ẹbí AVR ni ATmega328P wà, èyí tó wà lórí Arduino Uno R3: ètò iṣẹ́ tó lè gbà kò ju kílóbáìtì 32 lọ, fóltì 5 ló sì ń lò níbẹ̀. PIC jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀. Microchip tó ń ṣe é ló ra Atmel tó ni AVR ní 2016. STM32 jáde ní 2007, ó yára ju àwọn yẹn lọ dáadáa, fóltì 3.3 sì ni tirẹ̀. ESP32 jáde ní 2016. Wi-Fi àti Bluetooth wà nínú rẹ̀, fóltì 3.3 lòun náà ń lò.

Ẹlòmíràn á ní, “Èyí tó lágbára jù ni ká rà.” Ó tì o. A kì í gbé tírélà lọ ra ata.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹ̀rọ kan dákẹ́. Mọ́tò rẹ̀ dára, bẹ́líìtì rẹ̀ dára. Ṣíìpù kan ló kú. Ẹni tó kọ ètò inú rẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀dà ètò náà lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi dúró de òkè òkun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni wọ́n fi ní kí àwa mọ́kànlá lọ jókòó sílé láìgba owó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ wa ni.

Nítorí náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní: kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Ẹ má ra ju bó ṣe nílò lọ.

Èkejì: irú iná wo ló wà níbẹ̀? Iná bọ́ọ̀sì jẹ́ fóltì 12 tàbí 24, ó sì ń lọ sókè sódò bí awakọ̀ bá ń ṣáná. Ẹ kọ́kọ́ dín in kù, kí ẹ sì mú un dúró jẹ́ẹ́, kó tó dé ọ̀dọ̀ ṣíìpù. Ẹ má sì so fóltì 5 mọ́ ẹsẹ̀ ESP32 tààrà, ó lè jóná.

Ẹ̀kẹta: bí ó bá kú lọ́la, ṣé a ó rí òmíràn rà? Nígbà tí ṣíìpù wọ́n káàkiri ayé ní 2021, STM32 wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù.

Ẹ̀kẹrin: ta ló mọ̀ ọ́n tún ṣe? Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ kà á sí pé kò sí ẹnì kankan.

Fún fèrè ẹ́ńjìnnì, AVR ti tó. Àwọn mẹ́ta nínú wa ti kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, ó sì ní irú èyí tí a lè fi ọwọ́ yọ kúrò ní ihò rẹ̀ ká fi tuntun sí i, láìyọ́ òjé rárá. Fún kíka ẹrù, bí ọ́fíìsì bá fẹ́ máa rí iye rẹ̀ láti òkèèrè, ESP32 ni mo fara mọ́, nítorí Wi-Fi rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹgbẹ́ àti máníjà fọwọ́ sí ìwé pé ẹrù ló ń kà, kì í ṣe iye ìgbà tí aláboyún lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ohun kan kù. Ẹ má fi ọwọ́ ènìyàn lé ṣíìpù nìkan. Bọ́tìnnì pupa tí a fi ń dá ẹ̀rọ dúró nígbà ewu, wáyà ni kó fi gé iná mọ́tò tààrà, kó má gba inú ètò ṣíìpù kọjá. Ṣíìpù tó ṣàṣìṣe, a ó tún un ṣe; ìka tó bá gé kì í hù mọ́.

Mo wá dábàá pé, fún ẹbí kọ̀ọ̀kan tí a bá yàn, kí a ra mẹ́ta pamọ́, kí ẹ̀dà ètò wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.